Micro Center: ibi tí ẹ̀ka wọn wà ló ń sọ iye tí ọjà wọn máa ná yín

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà léèrè ibi tí wọ́n ti ń ra processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ń so mọ́) lówó tó rọjú, orúkọ Micro Center kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn. Wọn ò parọ́. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé ọjà tó sọ ilé ìtajà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kì í wọ ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀. Nǹkan bí 30 péré sì ni gbogbo ẹ̀ka wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, nígbà tí ẹ̀ka Best Buy, ilé ìtajà ẹ̀rọ míì, wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìdí nìyí tí a fi máa bẹ̀rẹ̀ lórí máàpù ká tó dé orí iye owó. Ẹni tó ń gbé ní Rockville, tí ẹ̀ka wà, àti ẹni tó ń gbé ní Seattle, tí kò sí, lè jọ ṣí ojú-ewé kan náà lórí fóònù, àmọ́ ọjà tí ọwọ́ wọn lè tó kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ohio ni orísun wọn. Agbègbè Columbus ni wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ lọ́dún 1979, olú ilé iṣẹ́ wọn sì wà ní Hilliard, tí kò jìnnà síbẹ̀. Títí dòní, ẹ̀ka mẹ́ta ló wà ní Ohio nìkan: Columbus fúnra rẹ̀, Mayfield Heights lẹ́bàá Cleveland, àti Sharonville lẹ́bàá Cincinnati. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tàn yí ká: Madison Heights lẹ́bàá Detroit, Chicago àti Westmont ní Illinois, St. Louis Park lẹ́bàá Minneapolis, Brentwood lẹ́bàá St. Louis, Overland Park lẹ́bàá Kansas City. Indianapolis ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2023. Ní apá ìlà-oòrùn, wọ́n wà ní Cambridge ní Massachusetts, wọ́n wà ní St. Davids lẹ́bàá Philadelphia, wọ́n sì ṣùjọ sí sàkání New York àti Washington.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé "lẹ́bàá" pọ̀ nínú ohun tí a kà sílẹ̀ yẹn. Kì í ṣe àṣìṣe. Ṣọ́ọ̀bù wọn tóbi, ó ń fẹ́ àyè gbalasa àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀, torí náà ìlú kékeré ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wà, kì í ṣe àárín ìgboro. Ẹni tó bá wá "Detroit" tàbí "Cleveland" nínú orúkọ àwọn ẹ̀ka lè rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Nọ́ńbà síìpù ilé yín ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi orúkọ ìlú ńlá wá a.

Ìwọ̀-oòrùn ni àlàfo ti pọ̀ jù. Kò sí ní Seattle, ìlú tí Amazon fi ṣe ibùjókòó, tí Microsoft sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Kò sí ní Portland. California, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, méjì ló ní: Tustin ní apá gúúsù àti Santa Clara ní apá àríwá. Ọ̀rọ̀ Santa Clara yìí yẹ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Wọ́n ti ní ẹ̀ka níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n tì í ní 2012. Fry's Electronics, ilé ìtajà ẹ̀rọ míì, ló wá kù fún àwọn ará agbègbè náà, òun náà sì kógbá wọlé pátápátá ní oṣù kejì ọdún 2021. Bí Silicon Valley, agbègbè tí Santa Clara wà, ṣe wà nìyẹn fún ọdún mẹ́rin gbáko láìní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí èèyàn ti lè wọlé, kó di motherboard mú lọ́wọ́, kó sì gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà, títí Micro Center fi padà dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ká tiẹ̀ ní àwọn oníbàárà pọ̀ níbì kan bí omi òkun, ìyẹn nìkan ò sọ pé ẹ̀ka máa wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n, ẹ̀ka kan tàbí méjì ni wọ́n sì ń ṣí lọ́dún láti ìgbà tí Indianapolis ti dé: Charlotte àti Miami ní 2024, Santa Clara ní 2025. Lójú tiwa, ìfarabalẹ̀ yẹn dára, torí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn káńtà mọ ohun tí wọ́n ń tà, irú wọn kò sì ṣeé kó jọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Nashville tàbí Memphis kò lè fi ìfarabalẹ̀ ra RAM, ìyẹn ibi ìrántí kọ̀ǹpútà.

Ní ti àwa ọmọ Yorùbá, máàpù yìí ṣojú rere sí wa ju bí a ṣe rò lọ. Houston, Dallas, Atlanta, Maryland, New York àti Chicago, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ló ní ẹ̀ka. Àmọ́ ibi tó wà nínú ìlú náà ṣe pàtàkì.

Ní Houston, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ní South Rice Avenue lẹ́bàá márosẹ̀ 59, tí wọ́n tún ń pè ní I-69. Ó bọ́ sí ibi tó rọrùn fún ará Alief, Bissonnet, Missouri City àti Sugar Land, torí 59 kan náà ni wọn yóò gbà wọ ìgboro. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti apá Katy tàbí Richmond lè gba Westpark Tollway, ọ̀nà tí a ń sanwó lò, àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lórí ọ̀nà yẹn. Bí kò bá sí táàgì tó ń san owó náà lára ọkọ̀ yín, ìwé gbèsè ló máa tẹ̀lé yín délé. Ará Humble àti Spring ló ní wàhálà, wọ́n ní láti la ìlú kọjá. Ní Dallas, North Central Expressway ló wà, ní etí ààlà Richardson. Garland wà nítòsí, àmọ́ Arlington àti Grand Prairie jìnnà díẹ̀, Fort Worth kò sì ní tirẹ̀. Atlanta ní méjì, Duluth ní apá ìlà-oòrùn àríwá àti Marietta ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá. Ẹni tó wà ní gúúsù ìlú náà, bíi Riverdale tàbí Jonesboro, kò ní ọ̀kankan nítòsí.

Maryland ló dùn jù. Rockville wà, Parkville wà lẹ́bàá Baltimore, Fairfax sì wà lódìkejì odò ní Virginia. Lóòótọ́, kò sí ìkankan nínú Prince George's County tí èèyàn wa pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ará Bowie tàbí Laurel wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àǹfààní ńlá nìyẹn, torí ọjà kì í pé síbì kan. Bí processor bá tán ní Rockville, ó lè ku mẹ́rin ní Parkville. Ibi tó ní ẹ̀ka kan ṣoṣo, bó bá tán, ó tán nìyẹn títí ọkọ̀ ẹrù máa fi dé.

New York ló ní èyí tó pọ̀ jù: Brooklyn, Flushing ní Queens, Yonkers, Westbury ní Long Island, àti Paterson lódìkejì ní New Jersey. Ti Brooklyn wà ní Third Avenue, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè 36th Street, torí náà ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè lọ síbẹ̀. Ará Bronx, Yonkers ni kí ẹ gbà lọ. Ará Newark àti East Orange, Paterson.

Florida ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí jíjìnnà ń ṣe sí owó. Miami nìkan ló wà níbẹ̀. Láti Orlando sí Miami jẹ́ nǹkan bí máìlì 235, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 470. Ọkọ̀ tó bá ń rin máìlì 30 lórí gálọ́ọ̀nù kan yóò mu nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 16. Bí gálọ́ọ̀nù bá jẹ́ $3, $48 ti jáde lápò nìyẹn, ẹ ò tíì san owó Turnpike, ìyẹn ọ̀nà tí a ń sanwó lò, ẹ ò tíì jẹun lọ́nà, ọjọ́ kan gbáko sì ti lọ. Bí àdìpọ̀ ọjà tí wọ́n so pọ̀ tà, tí ẹ fẹ́ lọ rà, bá fi $60 dín sí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò jèrè nǹkan kan. Bó bá fi $150 dín, ẹ lè lọ, pàápàá bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà méjì lẹ fẹ́ tò. San Antonio sí Houston jẹ́ nǹkan bí 200 ní àlọ nìkan, Raleigh sí Charlotte jẹ́ nǹkan bí 165. Ẹ fi ìṣirò kan náà gbé e yẹ̀ wò.

Ìlànà tí àwa ń tẹ̀ lé nìyí: láàárín máìlì 40, kò sí ibi tó dára jù ú lọ fún ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà. Láti 40 sí 150, ẹ lọ fún àdìpọ̀ nìkan, ẹ má torí SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí) kan tàbí wáyà HDMI wakọ̀. Bó bá ju 150 lọ, ẹ ra nǹkan yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àbámọ̀, àyàfi bí iṣẹ́ míì bá ń gbé yín lọ sí ìlú náà, tàbí bí àdìpọ̀ bá fi owó ńlá dín bíi $150 ti òkè yẹn.

Kí ni àdìpọ̀ yìí? Processor, motherboard àti RAM ni wọ́n máa ń so pọ̀ ní iye kan tó kéré sí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ bá rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n ti ń tà á. Ọ̀pọ̀ processor tí wọ́n ń tà lẹ́yọ náà, bákan náà ni. Àwọn ọjà kan tún wà tí ilé kan ò gbọ́dọ̀ rà ju ẹyọ kan lọ, pàápàá jùlọ káàdì àwòrán (graphics card) nígbà tí wọ́n bá wọ́n. Ẹ má kó ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn lérò pé ẹ ó fi orúkọ wọn ra mẹ́ta.

Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà náà ń tẹ̀lé ibi tí ẹ̀ka wà. Ká ní àdìpọ̀ $600 ni. Ní Houston tàbí Dallas, tí owó orí jẹ́ 8.25%, ẹ ó fi $49.50 kún un. Ní Maryland, 6% ni, $36. Ní Brooklyn, 8.875% ni, $53.25. New Jersey jẹ́ 6.625%, àmọ́ Paterson wà lára àwọn ìlú tí ìpínlẹ̀ náà yà sọ́tọ̀ kí ọrọ̀ ajé wọn lè gbérí, ṣọ́ọ̀bù tó bá ní ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀ a máa gba ìdajì, ìyẹn 3.3125%. Kí ẹ tó gba orí afárá kọjá torí ìyẹn, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ bi wọ́n iye tí yóò jáde lórí rìsíìtì, kí ẹ sì fi owó afárá kún ìṣirò yín. Delaware àti New Hampshire kì í gba owó orí ọjà rárá, Micro Center kò sì sí ní ìkankan nínú wọn. Ó dùn wá.

Bí ẹ bá ti mọ ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ lò, iṣẹ́ orí fóònù ló kù. Ẹ kọ́kọ́ yan ẹ̀ka yín lókè ojú-ewé wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ojú-ewé náà lè ti yan ẹ̀ka míì fúnra rẹ̀, ẹ ó máa wo iye ọjà tó kù ní Ohio nígbà tí ẹ wà ní Texas. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yàn án, wọn yóò fi iye tó kù ní ẹ̀ka yẹn hàn yín, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà tí ọjà náà wà. Bí wọ́n bá kọ "25+", ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ 1 tàbí 2, ẹ má tíì gbéra. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà rẹ̀, tó ń rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀ láti wákàtí kan sẹ́yìn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lórí ojú-ewé náà, kí ẹ dúró de íméèlì tó sọ pé ó ti wà nílẹ̀. Wọ́n ń polówó pé ìṣẹ́jú 18 ni wọ́n fi ń ṣe é. Íméèlì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ pé àwọn ti gbọ́ kì í ṣe èyí tó sọ pé ọjà ti wà nílẹ̀. Èyí kejì ni kí ẹ dúró dè kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání, kí orúkọ orí rẹ̀ bá ti ẹni tó ya ọjà náà sọ́tọ̀ mu.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ tó bá ràn yín lọ́wọ́ lè lẹ bébà pélébé kan mọ́ ara páálí. Kò fi kọ́bọ̀ kún owó yín. Wọ́n ń fi mọ ẹni tó ta ọjà náà ni, kó lè gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti dá yín lóhùn dáadáa, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ ẹ́. Wọn yóò tún fi ètò ààbò tí a ń sanwó fún lọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn lẹ ti wá, tàbí bó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni ọjà náà ń lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, torí kò sí ẹ̀ka tí yóò bá yín tún un ṣe ní Lagos tàbí Ìbàdàn.

Ọjà tí wọ́n ti ṣí páálí rẹ̀ rí, tí ẹlòmíì dá padà, pọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ dáadáa. Àwa gbà pé kí ẹ rà á, bó bá jẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù tàbí mọ́nítọ̀. Motherboard ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lára motherboard ni àwọn abẹ́rẹ́ tíńtìntín tó ń gba processor wà lónìí, ti Intel àti ti AMD AM5 pẹ̀lú, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe processor. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀ lójú yín, kí ẹ tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Bí àwọn abẹ́rẹ́ náà bá tò gbọọrọ bí ebè tí àgbẹ̀ fi okùn wọ̀n, ó dára. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí dídán rẹ̀ yàtọ̀, tó dà bíi pé ó tẹ orí ba, ẹ dá a padà síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lè pa ihò RAM méjì, ẹ ó sì máa rò pé RAM ló bàjẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá ìdè kékeré tó ń de SSD mọ́lẹ̀ ṣì wà nínú páálí, àti eriali Wi-Fi. Àwọn méjì yìí ló sábà máa ń sọnù.

Ohun kan tún wà nípa motherboard tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ. Bí processor yín bá jẹ́ tuntun ju motherboard lọ, ó lè má tan rárá títí ẹ ó fi sọ BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) di ọ̀tun. Motherboard tó ní bọ́tìnì BIOS Flashback lẹ́yìn ni kí ẹ mú, torí fúláàṣì USB tí ẹ ti kó fáìlì BIOS sí àti ẹ̀rọ agbára (power supply) tó gbé iná wá lẹ máa nílò láti tún un ṣe nílé, láìsí processor. Èyí tí kò bá ní in, ẹ ó wakọ̀ padà, àfi bí ẹ bá ní processor àtijọ́ kan nílé.

Ọjọ́ 15 ni wọ́n fún yín láti dá kọ̀ǹpútà, processor àti motherboard padà. Ọ̀pọ̀ ọjà yòókù ní 30. Ẹni tó wà ní máìlì mẹ́wàá sí ẹ̀ka lè rọra ṣe. Ẹni tó ti wakọ̀ wákàtí mẹ́ta wá kò gbọ́dọ̀ gbé páálí sí abẹ́ ibùsùn di ìparí oṣù. Ẹ tò ó ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ délé, kí ẹ jẹ́ kí ètò ìdánwò RAM ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí àléébù bá wà, ẹ ó ti mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Fún ẹni tó ń rà á fi ránṣẹ́ sílé: apá púpọ̀ nínú ẹ̀rọ agbára kọ̀ǹpútà, ìyẹn power supply, ló ń gba iná láti 100 sí 240 fóòtì, wọn yóò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà bí ẹ bá ti pààrọ̀ wáyà ẹnu rẹ̀ sí oníka-mẹ́ta onígun. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kó tó wọ páálí. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, ẹ tì í sí 230 kí ó tó gbéra, torí ẹni tó máa gbà á lọ́hùn-ún lè má mọ̀, yóò sì bú gbàù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D (3D printer) náà, ọ̀pọ̀ ló ní irú bọ́tìnì yìí, nígbà míì inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n fi pamọ́ sí. UPS tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ti 120 fóòtì ni, ẹ má rà á rárá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser náà, 120 nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Káàdì àwòrán, RAM, SSD àti processor kò ní wàhálà iná kankan, àwọn ló sì yẹ kó gba àyè inú àpò yín. Inland, tí í ṣe orúkọ tí Micro Center fi ń ta ọjà tiwọn, ní SSD tó ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ó sì máa ń rọjú ju àwọn olórúkọ ńlá lọ. Ẹ yọ processor kúrò nínú páálí ńlá rẹ̀, kí ẹ fi sínú ike rẹ̀ tó dì í mú ṣinṣin, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì sínú àpò ọwọ́, níbi tí ẹ ti lè yọ ọ́ kíá bí àwọn kọ́sítọ̀mù bá béèrè rẹ̀ ní Murtala Muhammed.